Kíjìpá Ìsìnkú Mi Lára Ògiri Wọn

Epo pupa ni mo gbé wọ yàrá náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń bó ẹ̀gúsí, ni mo gbọ́ ìró kan láti inú ilé mi. Kì í ṣe igbe, kì í ṣe ẹkún. Ó dà bí ìgbà tí ajá gbé egungun ẹja mì, tí kò lọ, tí kò bọ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí ti fọwọ́ kan oògùn eku tó wà lẹ́yìn àpò àgbàdo, ó sì ti fi ọwọ́ náà jẹun. Mo bu epo sínú ife, mo sáré bí ẹni ọjọ́ orí mi ṣe lè sáré, mo ti ilẹ̀kùn ṣí, mo ní, "Lanu, mu ún, kí o lè bì í jáde."

Ọmọkùnrin tó ń ké náà wo ife, ó wo mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àwọn wáyà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Orin ni mò ń kọ."

Orin. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́, ìwọ tí o ń bá mi kọ̀wé.

Ọ̀rẹ́ ọmọ ọmọ mi ni. Ọmọ ọmọ mi fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí ọmọbìnrin mi kejì ni. Ó ka ìwé ní Lọ́kọ́ja títí ó fi parí, lẹ́yìn náà ni ó kó wá bá mi ní Kàbà pẹ̀lú gìtá mẹ́ta àti àpótí dúdú kan tó wúwo ju ọlọ lọ, inú rẹ̀ ni ohùn gìtá ń gbà jáde. Ó ní òun àti ọ̀rẹ́ òun fẹ́ ṣe àwo orin. Hẹ́fì mẹ́tàlì ni wọ́n ń pè é, orin irin wúwo. Ó ní àwọn tó ń gbọ́ ọ pọ̀ ní ìlú òyìnbó. Mo ní kí ó lọ ṣe é níbẹ̀ nígbà náà. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ ni òun ń wá, pé ní Lọ́kọ́ja àwọn aládùúgbò ń fẹjọ́ òun sùn ní gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti gbọ́n. Ẹni tí odidi àdúgbò lé jáde nítorí ariwo ni ó ń wá ìdákẹ́jẹ́ wá sílé mi. Mo fún un ní yàrá tí bàbá àgbà rẹ̀ ń kó àgbàdo àti èlùbọ́ sí nígbà ayé rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣí i fún un.

Mo rò pé wọ́n máa wọlé, wọ́n máa kọrin, wọ́n máa lọ. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan wá ohùn kí ó tó kọ ohunkóhun. Ọmọ ọmọ mi gbé máìkì sí iwájú àpótí dúdú náà, ó lu gìtá, jùn-ún jùn-ún jùn-ún. Ó dìde, ó sún máìkì bí ìbú ìka kan. Jùn-ún jùn-ún jùn-ún. Ó tún dìde. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí máìkì bá kọjú sí àárín gbùngbùn sípíkà, ohùn á máa gún etí bí abẹ́rẹ́. Bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́, á ki, á dúdú. Ó ní ibi tí méjèèjì ti pàdé ni òun ń wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi wá a. Ìgbà tí ó di ọjọ́ kẹta, jùn-ún yẹn ti wọ inú ọkà tí mò ń rò.

Ó tú okùn gìtá sílẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀. Okùn rọ̀, ó ń gbọ̀n bí awọ ọrùn tòlótòló. Irin kékeré kan wà nílẹ̀ tí ó máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn tó ti dára tẹ́lẹ̀ á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi ń ba ohun tó dára jẹ́?"

"Yíya yẹn gan-an ni mo fẹ́, Màmá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ya jù, a ò ní gbọ́ ohun tí ìka ń ṣe."

"Bí èlùbọ́ tí a kò kù."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kí ìpàǹtí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ṣeé rò."

Ẹnu rẹ̀ dùn jù, ọmọ yẹn. Ẹnu yẹn ni ó fi gba yàrá lọ́wọ́ mi.

Gìtá, mo lè fara dà á. Ó dà bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láàyè. Ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ara mi kọ̀. Bí ọmọkùnrin náà bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Tí ó bá ti dé iwájú máìkì, á ja àgbọ̀n sílẹ̀, á di ikùn mú, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ, á wá fa ìró kan jáde láti ìdí ọ̀fun, irú èyí tí a máa ń gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù pẹ̀lú ọ̀bẹ tí kò mú. Á dákẹ́, á mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, á há kẹ̀lẹ̀bẹ̀, á tu ú. Inú kóńgò tí mo fi ń wọn ẹ̀wà ni ó ń tu ú sí. Mo rí i, mo yí ojú, mo lọ ra kóńgò mìíràn. Wọ́n fi kànrìnkàn kékeré kan bo ojú máìkì. Ọjọ́ kan tí mò ń gbálẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Ó rin. Mo gbóòórùn ọwọ́ mi, ẹ̀kọ tó ti kan ní ọjọ́ mẹ́ta ló ń rùn níbẹ̀. Ọṣẹ dúdú ni mo fi fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì lè jẹun ọ̀sán.

Mo bi í pé, "Kí ni ò ń sọ nínú gbogbo rẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ikú ni, Màmá."

"Ikú ta ni?"

Ó ronú. "Ikú ṣáá."

"Ìwọ tí o kò tíì sin ẹnikẹ́ni."

Ó tẹrí ba. Ọmọ tó ní ìtìjú ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Àmọ́ ohùn rẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ògiri yàrá náà le, páànù ló wà lórí rẹ̀, bí ó bá ké, igbe náà á ta padà wá bá a. Ọmọ ọmọ mi á dúró sí igun yàrá, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á fetí sílẹ̀, á mi orí. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì dúró ti ògiri. Wọ́n fi kúbùsù kọ́ ojú fèrèsé. Ó ní síbẹ̀ ó ń dún bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi láti Ìyàrá pé àbúrò mi obìnrin ṣubú ní balùwẹ̀. Mo lọ tọ́jú rẹ̀, mo lo ọjọ́ mẹ́ta.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá nílé, ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nínú àpótí mi.

Ahunṣọ ni mí. Ìyá mi ló kọ́ mi, lórí òfì ìnàró tí àwọn obìnrin wa ń lò, tí a gbé ti ògiri ìyẹ̀wù. Kíjìpá ni à ń hun, aṣọ tó nípọn, tí otútù kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Nílé wa, obìnrin tó mọ aṣọ hun máa ń hun èyí tí wọ́n máa fi sin ín fúnra rẹ̀, nígbà tí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dára. Bí ó bá ti parí rẹ̀, ó di inú àpótí. A kì í wọ̀ ọ́, a kì í tẹ́ ẹ, a kì í ta á lé alààyè lára, omi kì í sì í kàn án. Omi inú ilẹ̀ ni omi àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ mọ̀. Mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi náà lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà tó sin ín rí kíjìpá lára rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ahunṣọ tí wọ́n bá wá fi aṣọ ọjà sin, wọ́n á ní ó bo gbogbo ayé lára, ó wá rìn ní ìhòòhò lọ bá àwọn ìyá rẹ̀. Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́ nípa ẹnì kan. Etí mi ṣì gbóná.

Tèmi, odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni mo fi hun ún. Òwú rẹ̀, èmi ni mo ràn án. Ẹlú rẹ̀, èmi ni mo rẹ ẹ́. Abala mẹ́rin gígùn ni, mo wá fi abẹ́rẹ́ rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo rán ojú rírán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì nítorí mo mọ̀ pé n kò ní sí níbẹ̀ láti tún un rán.

Ọ̀sán Sátidé ni mo ti Ìyàrá dé. Òórùn kan pàdé mi ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo rò pé eku ló kú. Mo tẹ̀ lé e dé yàrá orin. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ibi tí akọrin máa ń dúró sí, wọ́n ti kan kíjìpá mi mọ́ ògiri. Ìṣó mẹ́fà ni mo kà ní etí òkè rẹ̀. Lára abala tó wà ní ọwọ́ òsì, nǹkan kan ti ṣàn sílẹ̀, ó ti gbẹ, ó pupa rúsúrúsú, pẹ̀lú kóró ilá nínú rẹ̀. Eṣinṣin wà lórí rẹ̀.

Mo ní, "Níbo ni ẹ ti rí èyí?"

Ọmọ ọmọ mi dìde. "Inú àpótí yín ni, Màmá. A ti dán gbogbo nǹkan wò. Òun nìkan ló gba ohùn náà mu. Ó ń gbé e mì, kì í dá a padà."

"Kí ló wà lára rẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. Akọrin ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní òun fẹ́ fa igbe ìparí orin kan lọ sísàlẹ̀ ju bí òun ṣe ń fà á lọ, ẹ̀bà àti ilá tí òun jẹ sì ṣì wà lọ́rùn, ni ó bá bá igbe náà jáde.

"O kò lè sáré jáde?"

"Máìkì ń gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́, Màmá."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Láti Ọjọ́bọ̀, ẹ kò nù ún?"

Ọmọ ọmọ mi ló dáhùn. Ó ní, "Màmá mi ti sọ fún mi pé omi kì í kan aṣọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi jẹ́ kí ó gbẹ."

Mo jókòó sórí àpótí dúdú wọn. Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ? Ó mọ̀ pé aṣọ ìsìnkú mi ni. Ó mọ èèwọ̀ rẹ̀. Ó kan ìṣó mọ́ ọn, ó jẹ́ kí wọ́n bì sí i lára, lẹ́yìn náà ni ó wá bu ọ̀wọ̀ fún èèwọ̀, ó jẹ́ kí èébì gbẹ mọ́ ọn fún ọjọ́ méjì. Irú ọmọ tí a tọ́ nílé wa nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Àlejò ì bá ti fọ̀ ọ́.

Ó ní òun rò pé òun á ti dá a padà kí n tó dé. Ó wá ní kí n fi nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ orin bo etí, kí n gbọ́ ohun tí aṣọ náà ṣe fún wọn, pé n ó lóye. N kò mọ ìdí tí mo fi gbà. Mo gbọ́ gìtá lápá ọ̀tún, mo gbọ́ ọ lápá òsì, mo gbọ́ tí ọmọ yẹn ń ké láàárín, ó súnmọ́ mi bí ẹni tó gbé ẹnu lé mi létí. Igbe náà lọ sísàlẹ̀, ó lọ sísàlẹ̀, ó já, ìyókù sì tẹ̀ lé e, pẹ̀lú bí ó ṣe ń kán.

"Ẹ fi èébì sínú orin," ni mo wí.

"Ibi tó dára jù nínú gbogbo àwo náà nìyẹn," ni ọmọ ọmọ mi wí. "Kò sí ẹni tó lè fi ẹnu lásán ṣe irú rẹ̀."

Mo yọ nǹkan náà kúrò, mo fi etí ìró mi nu etí mi méjèèjì. Mo ní kí ó fa ìṣó rẹ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀ mí. Ó ní orin méjì ló kù, pé bí aṣọ bá kúrò lára ògiri, ohùn máa yí padà, ẹni tó bá gbọ́ máa mọ̀ pé yàrá méjì ni. Mo ní kí ó fa ìṣó yọ.

Mo gbé aṣọ náà lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo jókòó tì í, n kò mọ ohun tí n ó ṣe. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ òfì, tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi, ni ó bá mi níbẹ̀, ó sì kí mi bí àwa ará ibí ṣe ń kíra.

"Okun o."

"Okun."

Ó nusẹ̀, ó wo aṣọ, ó wo mi, ó fi gèlè bo imú. "Kí ló pa á?"

Mo sọ fún un. Kò kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí o bá gbé èyí wọlé bá àwọn ìyá wa, wọ́n á ní kí o dúró ní ìta."

"Ìyá mi á mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo bì í."

"Báwo ni á ṣe mọ̀? Ìwọ náà ń jẹ ẹ̀bà. Fọ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi."

"N kò ní fọ̀ ọ́."

"Hun òmíràn."

"Pẹ̀lú ojú wo?"

"Èmi á hun ún fún ọ."

"Ìwọ tí o kò rí ihò abẹ́rẹ́ lánàá, tí o ń ti òwú bọ àtàǹpàkò rẹ."

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé òfì ti kúrò nílé àwa méjèèjì. Wọ́n ti fi igi tèmi dáná nígbà ìnáwó kan, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nígbà náà, torí n kò rò pé mo ṣì máa nílò rẹ̀. Eṣinṣin ni à ń lé.

Òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ìka tọ ojú rírán, ó ní, "Wò ó, kò kọjá ibí." Mo tẹjú mọ́ ọn. Lóòótọ́ ni. Ohun tó ṣàn náà ti wá láti òkè, ó ti fẹ̀, ó ti dé ibi tí mo rán lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró, bí omi ṣe ń dúró níbi ebè. Abala kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Mẹ́ta yòókù mọ́ bí ọjọ́ tí mo gé wọn kúrò lórí òfì, yàtọ̀ sí ihò ìṣó.

Mo ní kí ó mú abẹ bá mi.

Kò rọrùn láti tú u. Mo rán an dáadáa, òórùn náà sì ń bá mi lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi di etí kan mú, ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè mí. Ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo ní láti dìde lọ tutọ́. Nígbà tí abala náà já bọ́ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi béèrè ohun tí èmi náà ń rò. Ṣé mẹ́ta máa ká mi?

A kò lè ta á lé mi lára, alààyè ni mí. Mo bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó mú òwú, ó yí i ká mi ní àyà, ó fi eyín gé e. Ó tún yí i ká mi ní ìbàdí.

"Kí ló ṣe ibí yìí?" ni ó wí. "Nígbà tí o ń hun aṣọ yìí, ìdí rẹ nìkan máa gba abala méjì."

"Wọn òwú rẹ, kí o má bá mi sọ̀rọ̀ ìdí."

Ó nà án lé ìbú aṣọ. Mẹ́rin ì bá ká mi lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀. Mẹ́ta ká mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Àtẹ́lẹwọ́ kan tó.

Ọmọ ọmọ mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Abala tó wà nílẹ̀ ni ó ń wò. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ máa jó o ni?"

Mo mọ ohun tó ń fẹ́. Mo ní ó lè mú un, kò sí nínú tèmi mọ́, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó kàn án sí ibi tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n kí ó yọ èébì yẹn kúrò nínú orin rẹ̀. Mo ní, "Ara aṣọ ìsìnkú mi ni ó ń kán sí nígbà tí ẹ̀rọ yín ń gbà á sílẹ̀. N kò fẹ́ kí aṣọ mi máa dún létí ẹni tí kò mọ̀ mí."

Ó fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ, mo rí i lójú rẹ̀, ó sì tún rí mi lára, bí ẹni tó rí ọmọ tó fẹ́ràn ìgbẹ́. Akọrin ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ìyàwó yẹn: "Yọ ọ́. Inú tèmi náà ni ó ti jáde."

Ojú mi ni ọmọ ọmọ mi ṣe yọ ọ́. Ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà, ohun kan tó rí bí òkè wẹ́rẹwẹ̀rẹ, ó gé e, ojú ibẹ̀ di pẹrẹsẹ. Mo ní kí ó lù ú kí n gbọ́, mo sì gbọ́ ọ dé òpin. Ó mú abala rẹ̀ lọ. Wọ́n fi kọ orin méjì tó kù láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì kó ẹrù wọn. Ó béèrè bóyá kí òun fi orúkọ mi sára àwo láti dúpẹ́. Mo ní bí ó bá dán an wò, n ó lọ bá ìyá rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn, mo máa ń di imú kí n tó wọlé. N kò kó èlùbọ́ sí i mọ́.

Aṣọ ti padà sínú àpótí. Ohun tó kù ni èyí, kí o kọ ọ́ dáadáa nítorí n kò ní lè sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Etí kan wà lára rẹ̀ níbi tí mo ti tú abala kẹrin, ihò abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò lẹ́wà. Ẹ fi ìka wá a kí ẹ tó gbé mi lé e. Abẹ́ ẹ̀yìn mi ni kí ẹ fi etí yẹn sí.